Ìtàn Dùn Lálẹ́, Ṣùgbọ́n Kì í Ṣe Ẹ̀rí

 

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní àìpẹ́ yìí, lẹ́yìn tí a ti ṣe àdúà tán tí a sì ń jẹ sàráà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti Ìlú-Ọba dé bẹ̀rẹ̀ sí fi àwa àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni a ń sọ ìtàn iwin àti àjẹ́, pé ìwé ni Òyìnbó mọ̀ ní tiwọn. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan yíjú sí mi, ó ní, "Àfáà, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé Òyìnbó kò ní àlọ́ ni?" Mo ní, "Ìyá, ẹ fún mi láyè, n ó wá èsì wá fún yín." Èsì náà nìyí.

Mo wádìí, mo sì rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tíì mọ inú ilé àwọn tí ó ń bá gbé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún fún ìtàn abàmì. Ní ààlà Oxfordshire àti Warwickshire, àwọn òkúta àtijọ́ kan wà lórí ìdúró tí wọ́n ń pè ní Rollright. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọba kan àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni, pé àjẹ́ ni ó sọ wọ́n di òkúta, àti pé kò sí ẹni tí yóò kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì tí iye rẹ̀ yóò dọ́gba. Bí ẹ bá sọ èyí fún ìyá tí ń pàlọ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ẹnu kò ní yà á.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a kàn rẹ́rìn-ín kí a sì dìde. Ìtàn mẹ́rin ni mo mú wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi ojú sí ohun mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ta ni ó sọ ọ́, ta ni ó gbà á gbọ́, ta ni ó sì san gbèsè rẹ̀. Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí náà kí n tó kádìí.

ÀWỌN ỌMỌ ALÁWỌ̀ EWÉ

Ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹkùn Suffolk, abúlé kan wà tí ń jẹ́ Woolpit. Kòtò tí wọ́n máa ń gbẹ́ láti fi mú ìkookò ni ó fún un ní orúkọ. Wọ́n ní ní ayé Ọba Stephen, tí ó jọba láti 1135 sí 1154, àwọn olùkórè wà lóko nígbà tí wọ́n rí ọmọ méjì lẹ́bàá kòtò náà, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àwọ̀ ara wọn dà bí ewé tútù. Aṣọ wọn ṣàjèjì, èdè wọn kò sì yé ẹnikẹ́ni.

Wọ́n mú wọn lọ sí ilé ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Richard de Calne. Wọ́n gbé búrẹ́dì síwájú wọn, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń sunkún. Ìgbà tí wọ́n rí ẹ̀wà tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tigi-tewé láti oko ni wọ́n sáré sí i. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ni wọ́n ń là láti wá ohun jíjẹ. Nígbà tí wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n tún bú sẹ́kún, títí ẹnì kan fi la èèpo ẹ̀wà náà tí ó sì fi hóró inú rẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ̀wà yìí nìkan ni wọ́n ń jẹ fún ìgbà pípẹ́.

Ọmọkùnrin náà ṣàìsàn, ó sì kú. Obìnrin náà yè. Bí ó ti ń bá wọn jẹ oúnjẹ wọn ni àwọ̀ ewé náà ń ṣí kúrò lára rẹ̀. Ó gbọ́ èdè wọn, ó sì ṣiṣẹ́ nínú ilé ọlọ́lá náà fún ọdún púpọ̀. Ó ní níbi tí àwọn ti wá, oòrùn kì í yọ, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú ni gbogbo ọjọ́ rí.

William ará Newburgh àti Ralph ará Coggeshall, tí wọ́n jẹ́ ẹni ilé àdúrà, ni ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n kọ. Lónìí, àwọn kan rò pé ọmọ àwọn àjèjì tí ó ti Flanders rékọjá òkun wá ni wọ́n, pé òbí wọn ti kú, àti pé àìjẹun kánú ni ó sọ àwọ̀ wọn dà bẹ́ẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, mo fẹ́ràn ìtàn náà. Àwọn ará abúlé rí ọmọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò jọ tiwọn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé wọn, wọn kò sì sọ ọ́ lókùúta. Oúnjẹ tí yóò jẹ ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ: a kì í béèrè orírun ọmọ tí ebi ń pa kí a tó bu oúnjẹ fún un.

AJÁ DÚDÚ INÚ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ

Ní Suffolk kan náà, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Bungay. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1577, àwọn ènìyàn wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí òjò ńlá dé, tòun ti àrá àti mànàmáná. Kò pẹ́ tí ìwé kékeré kan fi jáde, èyí tí Abraham Fleming kọ. Ó ní ajá dúdú kan sáré gba àárín àwọn olùjọsìn kọjá nínú ìmọ́lẹ̀ iná, ó yí ọrùn ẹni méjì tí wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì kú lójú ẹsẹ̀. Ó ní ó tún fọwọ́ kan ẹnì kan, ara ẹni náà sì sún kì bí awọ tí iná rà. Ní ọjọ́ náà gan-an, ó ní ajá náà dé Blythburgh, ó sì tún pa ènìyàn níbẹ̀. Títí di òní, wọ́n ń fi ojú àpá iná han àlejò lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Blythburgh, wọ́n a ní èékánná ajá náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Bungay fúnra wọn ní ìwé tí wọ́n máa ń kọ orúkọ òkú sí. Ìwé náà sọ pé ọkùnrin méjì kú nínú ìjì ní ọjọ́ náà, nínú ilé agogo, ní àkókò àdúrà. Kò dárúkọ ajá. Ilé agogo ni ibi tí ó ga jù lára ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí àrá ń ṣe sí ibi gíga. Àwọn tí ó sin òkú kọ ìjì sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń tà ni ó mú ajá wá.

Lónìí, ajá náà ti di ohun ọ̀ṣọ́. Bungay ti yà á sára àmì ìlú, ó sì wà lókè òpó ní àárín ọjà, níbi tí ó ti ń fi apá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí hàn. Ajá ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀, ajá kò sì ní ẹbí tí yóò sunkún. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

IWIN INÚ FỌ́TÒ

Ẹ jẹ́ kí a gòkè lọ sí Yorkshire, sí abúlé Cottingley nítòsí Bradford, ní ọdún 1917. Ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ìbátan ń gbé nínú ilé kan: Elsie Wright, ọmọ ọdún 16, àti Frances Griffiths, ọmọ ọdún 9. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé. Frances a máa ti ibẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ àti bàtà tútù, wọn a sì bá a wí. Nígbà tí ìbáwí pọ̀, ó ní iwin ni òun ń lọ wò lódò. Àwọn àgbà fi í rẹ́rìn-ín.

Ni Elsie bá yá kámẹ́rà bàbá rẹ̀. Ó ti ya àwòrán iwin kéékèèké abìyẹ́ sórí páálí, èyí tí ó wò láti inú ìwé ọmọdé. Ó gé wọn, ó sì fi abẹ́rẹ́ tí obìnrin Òyìnbó fi ń so fìlà mọ́ irun gbé wọn dúró láàárín ewéko. Frances dúró lẹ́yìn wọn, Elsie ya fọ́tò. Bàbá Elsie kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ní 1919 ìyá rẹ̀ mẹ́nu kàn án níbi ìpàdé kan ní Bradford, láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé etí Arthur Conan Doyle.

Ọkùnrin yìí ni ó kọ ìtàn Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìrí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti kú ní 1918, ó sì ń wá ohun tí yóò tù ú nínú, tí yóò fi hàn pé ayé mìíràn wà yàtọ̀ sí èyí tí ojú rí. Ó tẹ fọ́tò náà sínú ìwé ìròyìn Strand ní oṣù kejìlá ọdún 1920, gbogbo ayé sì gbọ́. Báwo ni ọmọdé méjì yóò ṣe wá dìde nísinsìnyí kí wọ́n ní irọ́ ni? Ojú tì wọ́n fún ara wọn, ó sì tì wọ́n fún ẹni ńlá náà. Wọ́n pa ẹnu mọ́ títí Conan Doyle fi kú ní 1930. Ọdún 1983 ni wọ́n tó jẹ́wọ́, nígbà tí àwọn náà ti di ìyá arúgbó.

Irọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara aṣọ tútù, ọdún 66 ni wọ́n fi gbé e. Síbẹ̀ náà, kò sí ẹni tí ó kú sí i. Ó ku ìtàn kan. Òun ni ó mú mi kọ gbogbo èyí.

ỌMỌ TÍ WỌ́N GBÉ SÓRÍ TÁBÌLÌ

Ní Lancashire, kò jìnnà púpọ̀ sí Cottingley, òkè kan wà tí ń jẹ́ Pendle. Lábẹ́ òkè náà ni àwọn opó arúgbó méjì ń gbé ní ọdún 1612. Elizabeth Southerns, tí wọ́n ń pè ní Demdike, ni ọ̀kan, ojú rẹ̀ ti fọ́. Anne Whittle, tí wọ́n ń pè ní Chattox, ni èkejì. Tálákà ni wọ́n, wọ́n ń tọrọ jẹ, wọ́n a sì máa ṣe ìwòsàn díẹ̀díẹ̀ fún ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn. Ìdílé méjèèjì kò fẹ́ràn ara wọn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, Alizon Device, ọmọ-ọmọ Demdike, pàdé oníṣòwò alárìnkiri kan tí ń jẹ́ John Law lójú ọ̀nà. Ó ní kí ó fún òun ní abẹ́rẹ́ tí a fi ń so aṣọ. Ọkùnrin náà kọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi ṣubú lulẹ̀, apá kan ara rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ sì yí. Ẹni tí ó bá ti rí àrùn rọpárọsẹ̀ rí yóò mọ ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọbìnrin náà ni ó ṣe é. Èyí tí ó burú jù ni pé ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ ọkùnrin náà pé kí ó dárí ji òun. Láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Adájọ́ àdúgbò, Roger Nowell, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Alizon dárúkọ ìyá rẹ̀ àgbà, ó dárúkọ Chattox. Ẹni tí wọ́n dárúkọ tún dárúkọ ẹlòmíràn. Gbogbo ikú tí ó ti pa ènìyàn ní àdúgbò láti ọdún pípẹ́ wá rí ẹni tí wọn yóò dì í rù. Ọba ìgbà náà, James, ti kọ ìwé nípa àjẹ́ ní 1597, kò sì sí adájọ́ tí yóò fẹ́ kí a wí pé òun kò fojú sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kó wọn lọ sí túbú Lancaster. Inú túbú ni Demdike kú sí.

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn. Kò sí lọ́yà fún ẹnì kan nínú wọn. Ẹlẹ́rìí pàtàkì ni Jennet Device, àbúrò Alizon, tí ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 9. Nígbà tí wọ́n mú un wọlé, ìyá rẹ̀, Elizabeth Device, figbe ta, ó ń ké mọ́ ọmọ náà. Wọ́n ní kí wọ́n fa ìyá náà jáde. Wọ́n wá gbé Jennet dúró sórí tábìlì kí gbogbo ilé ẹjọ́ lè rí i. Ó ní àjẹ́ ni ìyá òun. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin, James. Wọ́n bi í léèrè àwọn tí ó wá sí ìpàdé nílé wọn, ó sì di Alice Nutter lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo ènìyàn, obìnrin tí kì í ṣe tálákà, tí ó ti sọ pé òun kò mọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1612, wọ́n yẹgi fún ènìyàn 10 ní Lancaster. Ìyá Jennet wà nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà nínú wọn.

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 1634, ní Pendle kan náà, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10 kan, Edmund Robinson, sọ fún ilé ẹjọ́ pé òun rí ajá méjì tí wọ́n di ènìyàn, pé wọ́n gbé òun lọ sí ìpàdé àjẹ́. Ó dárúkọ, wọ́n kó ènìyàn púpọ̀. Orúkọ Jennet Device wà nínú àwọn tí wọ́n jù sí túbú. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọmọ orí tábìlì náà. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n mú ọmọkùnrin náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n sì bi í léèrè jẹ́jẹ́. Ó jẹ́wọ́ pé irọ́ ni. Wọ́n rán an kí ó lọ kó màlúù wálé, ó lọ ṣeré, ẹ̀rù ìyà sì bà á. Wọn kò yẹgi fún ẹnì kan lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ti kú sínú túbú.

ÒFIN YÍ PADÀ, ẸNU KÒ YÍ PADÀ

Ní 1735, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tuntun pé a kò gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́ pé ó ń ṣe àjẹ́. Ọdún 16 lẹ́yìn èyí, ní 1751, àwọn kan kéde ní ọjà ìlú mẹ́ta pé àwọn yóò ri àjẹ́ méjì sínú omi nítòsí Tring, ní Hertfordshire. Ruth Osborne ni, ìyá arúgbó, àti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó tọrọ omi wàrà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹni náà kò fún un, màlúù ẹni náà sì ṣàìsàn lẹ́yìn náà. Èrò wọ́ lọ. Wọ́n rì í títí ó fi kú. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Colley, tí ó ṣáájú wọn, ń gba owó lọ́wọ́ àwọn òǹwòran. Wọ́n yẹgi fún un ní ọdún náà.

Lónìí, ọkọ̀ èrò tí ń ná Manchester sí Burnley ń jẹ́ orúkọ àjẹ́, àwọn àlejò sì ń ra ọmọlángidi àjẹ́ lọ sílé. Ní abúlé Roughlee, wọ́n gbé ère Alice Nutter kalẹ̀ ní 2012. Ọdún 400 ni ó gbà wọ́n.

ÌDÍ Ọ̀RỌ̀ MI

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ṣèlérí pé n ó sọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pe àwa àfáà sí ilé kan láti wá ṣe àdúà. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún 8 ń ṣàìsàn ibà. Ó ní ìyá àgbà ilé náà fún òun lóúnjẹ lójú oorun. Mo jókòó níbẹ̀. Mo rí ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí, kò sọ̀rọ̀. A ṣe àdúà, a gba sàráà, a lọ. N kò béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ọmọ náà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti kó ẹrù ìyá náà lọ sí ilé ìbátan rẹ̀ lóko.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ara ọmọ náà ti yá, ìyá rẹ̀ bi í ní ìdákẹ́jẹ́. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀yin náà ni ẹ ń dárúkọ Màmá nígbà tí mo wà lórí ẹní. Ẹ bi mí pé ṣé òun ni, mo ní òun ni." Wọ́n lọ bẹ ìyá náà, wọ́n mú un padà wálé. Ó padà, ó ń dáhùn bí wọ́n bá kí i, ṣùgbọ́n kò bu oúnjẹ fún ọmọ kankan nínú ilé náà mọ́ títí ó fi kú.

Adájọ́ Lancaster ti kú, èmi wà láàyè. Nítorí náà èmi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ máa pàlọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ sọ ti àwọn ọmọ aláwọ̀ ewé fún wọn, wọn yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dárúkọ ènìyàn, ẹ mú un sọ́tọ̀, ẹ fi ọwọ́ pa á lórí, kí ẹ sì bi í pé, "Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọ?" Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Bí ìyá arúgbó bá sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà tí kò sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe sọ pé ìdákẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Ìyá àgbà tí ó bi mí léèrè, èsì yín rèé: Òyìnbó ní àlọ́. Ohun tí àlọ́ ń ṣe nígbà tí ó bá jáde kúrò lábẹ́ òṣùpá tí ó sì wọ ilé ẹjọ́, àwọn náà ti rí i.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run Ọba bá wa ṣọ́ ẹnu wa. Àmín.